Ọmọ Ọdún Mẹ́fà L'órí Ẹṣin Ogun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìjà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, kò ní í d'ójú ẹjọ́.

L'ẹ́yìn ìrun Alásárì ní ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi kan nínú ẹgbẹ́ gbé ìwé àwòrán ńlá kan wá bá mi. Ọmọ t'ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, orí rẹ̀ sì pé. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́!" Mo wò ó. Ọmọdékùnrin kan ni mo rí l'órí ẹṣin kékeré kan t'ó ń fò sókè. Ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́, ó gbé ọ̀já ọ̀gágun kọ́ èjìká, ọ̀pá àṣẹ wà l'ọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ọmọ ogun ń dúró dè é kí ó na ọ̀pá náà kí wọ́n tó gbéra. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo bi àbúrò mi pé, "Ọmọ ọdún mélòó nìyí?" Ó ní kò ju bí ọdún 6 lọ. Mo ní, "Ogun wo l'ó jà?" Ó bú s'ẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwòrán lásán ni. Ẹ wo ẹwà rẹ̀, ẹ fi ti ogun sílẹ̀."

Bàbá kan tí wọ́n ń ká ẹní wọn l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ ohun tí à ń sọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pa ìwé yẹn dé. Àwòrán àwọn ọba òyìnbó, kí l'ó kan Mùsùlùmí níbẹ̀?"

Èmi kò gbà fún àbúrò mi, n kò sì gbà fún Bàbá. Ìdí tí n kò fi gbà ni mo kó wá s'ójú ìwé yìí, kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Baltasar Carlos l'orúkọ ọmọ náà, àrólé ọba Philip Kẹrin ti Sípéènì. Ọdún 1629 ni wọ́n bí i. Diego Velázquez, ayàwòrán ààfin, l'ó yà á ní nǹkan bí 1635. Wọn kò yà á kí ìyá rẹ̀ lè gbé e kọ́ yàrá o. Gbọ̀ngàn kan wà ní ààfin Buen Retiro ní Madrid tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Àwọn Ìjọba. Àwòrán ogun 12 l'ó wà l'ára ògiri rẹ̀, gbogbo wọn l'ó ń ròyìn ibi tí Sípéènì ti ṣẹ́gun, láti ilẹ̀ Họ́láǹdì títí dé Bahia ní Brazil. (Bahia yẹn náà ni wọ́n padà kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ, tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá sì dìde ogun níbẹ̀ ní 1835. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Baba ọmọ náà wà l'órí ẹṣin ní apá kan, ìyá rẹ̀ wà l'órí ẹṣin ní apá kejì. Baba rẹ̀ àgbà àti ìyá rẹ̀ àgbà wà l'órí ẹṣin ní òdìkejì gbọ̀ngàn. Àárín baba àti ìyá ni wọ́n gbé ọmọ sí, l'ókè ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ikùn ẹṣin náà fi rí rọ̀gbọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé: wọ́n yà á fún ẹni tí yóò máa gbójú sókè wò ó ni.

Ẹ wá fi ara yín sí ipò aṣojú ọba ilẹ̀ mìíràn t'ó wọ gbọ̀ngàn yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó b'áyé sọ̀rọ̀, ògiri ti sọ ọ́ tán: àná jẹ́ tiwa, òní jẹ́ tiwa, ọ̀la náà nìyẹn l'órí ẹṣin kékeré l'ókè ilẹ̀kùn. Ǹjẹ́ àbúrò mi, àwòrán lásán ha l'èyí? Ìwé ìkéde ìjọba ni, ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́ dípò tàdáwà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá l'áṣọ bí àgbà, kò lè l'ákìísà bí àgbà. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ pẹ́ l'áyé tó láti ní àkísà kankan. Ní 1646 ni ó kú, kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Àwọn ìṣẹ́gun t'ó yí i ká ńkọ́? Velázquez kan náà l'ó ya èyí t'ó lókìkí jù nínú wọn: bí ọ̀gágun Spinola ṣe gba kọ́kọ́rọ́ ìlú Breda l'ọ́wọ́ àwọn ará Họ́láǹdì ní 1625. Àwòrán dáradára ni, n kò purọ́. Ẹni t'ó ṣẹ́gun na ọwọ́ sí èjìká ẹni t'ó ṣẹ́ lógun bí ọ̀rẹ́, ọ̀kọ̀ sì dúró gbọnrangandan l'ẹ́yìn wọn bí igbó oparun. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún 3 tí wọ́n gbé e kọ́ ògiri tí àwọn ará Họ́láǹdì fi gba ìlú wọn padà, ní 1637. Àwòrán mìíràn nínú gbọ̀ngàn náà ń yọ̀ pé wọ́n gba Breisach sílẹ̀ ní 1633. Ní 1638 Breisach bọ́ mọ́ wọn l'ọ́wọ́. Ní 1640 Pọtogí kọ̀ wọ́n, Catalonia kọ̀ wọ́n. Àwọn àwòrán ṣì wà l'ára ògiri, wọ́n ń ṣẹ́gun lọ ràì.

Irú àwòrán báyìí pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní nǹkan bí 1600 sí 1750, ìgbà tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ń pè ní ìgbà Baroque. Ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù wọn, nítorí bí a bá mọ ohun tí wọ́n ń dì sínú rẹ̀, ojú wa yóò là. Ẹṣin t'ó dìde dúró l'órí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ẹni t'ó gùn ún sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ìjánu mú wẹ́rẹ́ bí ẹni di òwú mú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹṣin nìkan. Ohun tí ó ń wí ni pé, bí mo ti ń darí ẹranko alágbára yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń darí ìlú. Ẹ̀yin ará ìlú l'ẹṣin o. Ọ̀pá kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò lè pa eku, ṣùgbọ́n ọ̀gágun nìkan l'ó ń mú un dání: ẹni t'ó ń paṣẹ kí àwọn mìíràn lọ kú ni. Ogun gan-an máa ń wà l'ẹ́yìn l'ọ́hùn-ún, ó kéré bí èèrà, èéfín díẹ̀, ẹṣin díẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ t'ó ta sí aṣọ ọ̀gá. Ayàwòrán a sì máa gbé ojú ìwòye s'ísàlẹ̀, kí èmi àti ẹ̀yin t'ó ń wò ó lè dàbí ẹni t'ó wà l'ẹ́sẹ̀ ẹṣin.

Ẹ̀wù irin l'ó pa mí l'ẹ́rìn-ín jù. Ìgbà tí à ń wí yìí, ìbọn ti wọ ogun tán. Ọta ìbọn tí wọ́n bá yìn láti ìtòsí ń dá ẹ̀wù irin lu, irin t'ó bá sì nípọn tó láti dá ọta dúró wúwo ju ohun tí ènìyàn lè fi rìn pẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ń bọ́ ọ sílẹ̀: wọ́n bọ́ ti ẹsẹ̀, wọ́n bọ́ ti apá. Bí wọ́n ti ń bọ́ ọ l'ójú ogun ni àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ ọ́ nínú àwòrán. Títí wọ 1700 àti l'ẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tí ó ń lọ s'ógun pẹ̀lú kóòtù aláṣọ lásán a dúró níwájú ayàwòrán pẹ̀lú irin láti ọrùn dé orúnkún. Kí l'ó fà á? Nítorí pé irin jẹ́ aṣọ àwọn baba ńlá wọn. Ó ń sọ pé, ìdílé wa kì í ṣe ìdílé àná.

Ní ti àwọn tí kò tilẹ̀ lọ s'ógun rí ńkọ́? Ẹ wo Olivares, olórí ìjọba lábẹ́ Philip Kẹrin. Velázquez yà á l'órí ẹṣin ńlá kan, ó wọ ẹ̀wù irin, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ojú ogun l'ẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń wẹ̀yìn wò wá bí ẹni pé kí a tẹ̀lé òun. Ọkùnrin yìí kò darí ọmọ ogun kankan l'ójú ogun rí. Ìdí tábìlì ni ó ti ń jagun, pẹ̀lú ìwé àti owó-orí. Ní 1643 ọba lé e kúrò l'ẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ènìyàn kúkúrú ni, ayé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Anthony van Dyck gbé e ka orí ẹṣin tí ara rẹ̀ tóbi bí àgbá, ó gbé ojú ìwòye s'ísàlẹ̀, kúkúrú parẹ́. Nínú èyí t'ó wà ní National Gallery ní London, pátákó kan so mọ́ igi l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ t'ó ń kéde pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí, bí ẹni pé ẹṣin nìkan kò tó. Nǹkan bí 1637 ni wọ́n yà á. Ní ọjọ́ 30 oṣù January 1649 àwọn ará ìlú rẹ̀ bẹ́ ẹ l'órí, ìjọba tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ta àwọn àwòrán rẹ̀ fún ẹni t'ó l'ówó.

Kí a má fi wọ́n ṣẹ̀sín jù. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bíi tèmi ẹ rántí ilé-ìyàwòrán àtijọ́, níbi tí oníṣẹ́ ti ń yá ènìyàn ní kóòtù, agogo ọwọ́ àti tẹlifóònù tí okùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Èmi náà gbé tẹlifóònù yẹn s'étí rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwòrán tèmi kò lé ẹnikẹ́ni kúrò n'ílé.

Wàyí o, Bàbá tí wọ́n ní kò kàn wá, ọ̀dọ̀ yín ni mo yà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ẹní yín padà, kí ẹ jókòó.

Nígbà tí Granada bọ́ s'ọ́wọ́ àwọn ọba Sípéènì ní 1492, àdéhùn wà pé kí Mùsùlùmí ibẹ̀ máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní 1502 wọ́n ní kí Mùsùlùmí gbogbo ilẹ̀ Castile ṣe ìrìbọmi tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ní 1526 ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ti Aragon àti Valencia. Àwọn tí wọ́n fi tipátipá rì bọmi àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní Morisco. Púpọ̀ nínú wọn ń kírun ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Sípéènì kí ọmọ wọn má baà gbàgbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àáfà wa àtijọ́ ti ń fi í kọ Yorùbá. Láti 1609 sí 1614, Philip Kẹta, baba àgbà ọmọ orí ẹṣin yẹn, lé gbogbo wọn jáde. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni. Wọ́n kó wọn s'étí òkun, wọ́n kó wọn s'ínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ já sí Tunis, Algiers àti Mòrókò. Ní àwọn ibì kan wọ́n gba ọmọ kéékèèké l'ọ́wọ́ òbí, wọ́n ní kí àwọn tọ́ wọn ní Kristẹni.

Ní 1627, Philip Kẹrin pe àwọn ayàwòrán ààfin rẹ̀ s'íje. Iṣẹ́ tí ó fún wọn ni kí wọ́n ya bí baba òun ṣe lé àwọn Morisco. Carducho wà níbẹ̀, Cajés wà níbẹ̀, Nardi wà níbẹ̀. Velázquez l'ó gba ipò kìíní. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ni ipò aṣọ́nà yàrá ọba, ipò àkọ́kọ́ nínú àwọn oyè ààfin tí ó gùn títí ó fi di ọlọ́lá. Àwòrán náà kò sí mọ́. Ààfin Alcázar jó ní òru ọdún Kérésìmesì 1734, ó sì jó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Palomino, tí ó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán Sípéènì ní 1724, ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì kọ ohun t'ó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ sí ohun tí ó rí. Philip Kẹta ni ó wà ní àárín, ó wọ ẹ̀wù irin, ọ̀pá ọ̀gágun wà l'ọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá náà tọ́ka sí àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n ń sunkún, tí àwọn ọmọ ogun ń dà lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹrù wà l'ọ́hùn-ún, etí òkun àti ọkọ̀ ojú omi wà. L'ápá ọ̀tún ọba, obìnrin ọlọ́lá kan jókòó t'ó dúró fún ilẹ̀ Sípéènì. Òun náà wọ ẹ̀wù ogun bíi ti ará Róòmù. Asà àti ọfà wà l'ọ́wọ́ rẹ̀ kan, ṣírí ọkà wà l'ọ́wọ́ kejì.

Ta ni ọba wọ ẹ̀wù irin dè? Ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀pá tí wọ́n dá fún ọ̀gágun l'ójú ogun ni ó fi ń tọ́ka ọ̀nà ọkọ̀ fún arúgbó. Ọkùnrin yìí kò darí ogun l'ójú ogun rí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ t'ó tóbi jù ni ìwé tí ó fi ọwọ́ sí pé kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa lọ. Ìdí tí wọ́n fi nílò irin nínú àwòrán náà gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá yà á pẹ̀lú aṣọ ilé, pẹ̀lú kálámù l'ọ́wọ́, gbogbo ayé yóò rí ìwà ìkà bí ó ti rí. Irin l'ó sọ lílé di ìṣẹ́gun. Ní ti ṣírí ọkà tí ìyá náà dì mú, ta ni ó gbìn ín? Ní Valencia, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta jẹ́ Morisco, àgbẹ̀ l'ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, abúlé dahoro, oko di igbó, àwọn onílẹ̀ sì ń bẹ ọba pé kí ó dín gbèsè àwọn kù.

Bàbá, ẹ ṣì ní kò kàn wá? Ẹni tí wọ́n lé kò ya àwòrán. Ẹni t'ó lé e l'ó ya àwòrán, òun l'ó sì yan aṣọ fún ara rẹ̀ àti ẹkún fún wọn. Bí àwa kò bá kọ́ ọmọ wa láti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ l'ójú, ohun tí ọba náà fẹ́ kí ẹni t'ó bá rí i gbà gbọ́ ni wọn yóò gbà gbọ́: pé Mùsùlùmí ni ẹni tí a máa ń rí l'ẹ́yìn ẹṣin.

Ọ̀rọ̀ Velázquez kò tíì tán. Ayàwòrán yìí ní ẹrú kan, Juan de Pareja, ọmọ Antequera ní gúúsù Sípéènì, ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ní Róòmù ní 1650, Velázquez yà á. Kò sí ẹṣin, kò sí irin. Ọkùnrin náà dúró, ó tẹ́ ọwọ́ kan sí iwájú ara rẹ̀ bí àwọn ọ̀gágun àti ọlọ́lá ti ń ṣe, ó sì ń wò wá tààrà. Wọ́n gbé e hàn ní Pantheon ní oṣù March ọdún náà, ẹnu ya gbogbo Róòmù. Ẹrú ṣì ni nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Oṣù November ni Velázquez tó fi ọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò tún sìn ín fún ọdún 4 sí i. Pareja padà di ayàwòrán fún ara rẹ̀. Ọwọ́ t'ó ya ọba pẹ̀lú irin tí kò tọ́ sí i, òun náà l'ó ya ẹrú pẹ̀lú iyì tí ó tọ́ sí i. Kí ẹni t'ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà bá mi tú u. Èmi kò rí i tú.

Àwòrán kan tún wà ní Scotland tí mo fẹ́ kí àbúrò mi wò dáadáa. John Baptist de Medina l'ó yà á ní nǹkan bí 1700. James Drummond ni ẹni tí wọ́n yà, ọmọ olóyè ńlá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Duke ti Perth. Ó wọ ẹ̀wù irin, dájúdájú. L'ẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà t'ó ń gbójú sókè wò ó. Irin wà l'ára ọmọ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wù. Ọrùn rẹ̀ ni irin tirẹ̀ wà, róbótó, irú èyí tí a ń fi sí ajá l'ọ́rùn. Irin méjì nínú àwòrán kan: ọ̀kan ń sọ pé ọ̀gá ni mí, èkejì ń sọ pé ohun ìní ni mí. Irú ọmọ báyìí kò wọ́pọ̀ nínú àwòrán ìgbà náà nítorí pé ayàwòrán fẹ́ràn ojú wọn. Wọ́n ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá bí wọ́n ti ń gbé ajá, àyékòótọ́ àti aṣọ sẹ́dà, kí funfun ọ̀gá lè tàn, kí ayé sì mọ̀ pé owó rẹ̀ dé òkè òkun.

Ó dára. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan nínú yín báyìí, wọ́n ti ń wí pé, "Ẹ ò rí àwọn òyìnbó!" Ẹ rọra. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní ìgbà kan náà tí Yúróòpù ń ṣe èyí, ọba Mùsùlùmí kan wà ní Íńdíà, Jahangir, ọba àwọn Mughal. Ọ̀tá rẹ̀ ní gúúsù ni Malik Ambar. Ọmọ Ethiopia ni Malik Ambar, wọ́n tà á l'ẹ́rú ní kékeré, ó di Mùsùlùmí, ó sì fi ọgbọ́n orí di olórí ogun àti olórí ìjọba ní Ahmadnagar. Ọ̀pọ̀ ọdún l'ó fi ń dá àwọn ọmọ ogun Jahangir padà. Jahangir kò rí i mú títí Malik Ambar fi kú ikú àlàáfíà ní 1626. Ǹjẹ́ kí ni Jahangir ṣe? Ó ní kí Abu'l Hasan ya òun. Nínú àwòrán náà, tí ó wà ní Dublin l'ónìí, Jahangir dúró l'órí àgbáyé róbótó bíi bọ́ọ̀lù, àgbáyé náà wà l'órí màlúù, màlúù wà l'órí ẹja. Ó fa ọrun, ó ń ta ọfà sí orí Malik Ambar tí wọ́n fi kọ́ orí ọ̀kọ̀. Orí tí kò rí bẹ́ l'ójú ogun ni ó bẹ́ l'ójú ìwé. Àgbáyé róbótó yẹn àti ìmọ́lẹ̀ t'ó yí orí ọba ká, inú àwòrán àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé wá bá a ni àwọn ayàwòrán rẹ̀ ti rí i kọ́.

Nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n méjì wọn ọjà. Bí irọ́ Olivares bá jẹ́ irọ́, ti Jahangir náà irọ́ ni, àní kí ó máa kírun wákàtí márùn-ún. Ẹni tí wọ́n sì yọ jù nínú irọ́ náà, ọmọ Áfíríkà Mùsùlùmí ni.

Aṣojú ọba Mòrókò kan wà pẹ̀lú, Muhammad ibn Haddu, tí ó lo bí oṣù 6 ní London ní 1682. Ó gun ẹṣin ní Hyde Park, ẹnu ya àwọn ará ìlú. Godfrey Kneller yà á l'órí ẹṣin, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ l'ọ́wọ́ àti aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ l'ára. Ó wù mí láti wò, torí pé ó mọ ẹṣin gùn ní tòótọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ l'órí rẹ̀, nítorí ẹni tí mo fẹ́ kí a parí sí l'ọ́dọ̀ ni Ayuba Suleiman Diallo.

Fúlàní ni Ayuba, ọmọ Bundu, ní ilẹ̀ tí ó di Senegal l'ónìí, ilé àáfà ni wọ́n ti bí i. Ní nǹkan bí 1731 ó lọ sí etí odò Gambia. Kí ni ó lọ ṣe? Èyí ni àwọn kan máa ń fò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, n kò ní fò ó: baba rẹ̀ rán an kí ó lọ ta ènìyàn méjì l'ẹ́rú, kí ó sì ra bébà àti àwọn nǹkan mìíràn bọ̀. Ó ta wọ́n. Bí ó ti ń padà bọ̀ ni àwọn kan mú òun náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fá irun orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀, kí ó lè dàbí ẹni tí wọ́n mú l'ójú ogun. Ẹ rí i bí? Àwọn náà mọ iṣẹ́ ayàwòrán. Wọ́n sọ ẹni tí kò jagun di ẹrú ogun, abẹ ìfárí nìkan ni wọ́n lò.

Wọ́n tà á sí Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó kọ lẹ́tà sí baba rẹ̀ ní Lárúbáwá, lẹ́tà náà dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ńlá ní London, wọ́n sì san owó lé e l'órí. Ní 1733 ó dé London. Níbẹ̀ ni ó ti kọ Àlùkùránì ní ẹ̀dà 3 láti inú orí rẹ̀, láìwo ìwé kankan. William Hoare sì fẹ́ yà á.

Bàbá, ẹ fetí sí èyí. Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe tuntun, Ayuba náà kọ̀. Thomas Bluett, tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ní 1734, ròyìn pé pẹ̀lú ìnira ńlá ni wọ́n tó rí i bẹ̀, l'ẹ́yìn tí wọ́n fi dá a l'ójú pé àwọn kò ní í bọ àwòrán náà, ìrántí rẹ̀ nìkan ni àwọn ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n ya ojú tán, Hoare bi í pé aṣọ wo ni kí òun yà sí i l'ára. Ayuba ní aṣọ ilẹ̀ òun ni. Hoare ní òun kò lè ya aṣọ tí òun kò rí rí. Ayuba bá bi í l'éèrè pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí l'ó dé tí àwọn ayàwòrán yín fi ń ya Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni kò rí rí? Ẹrú àná l'ó ń bi èèrè yìí ní àárín àwọn ọlọ́lá London.

Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n yà sí i. Láwàní funfun, ẹ̀wù funfun. Irùngbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fá ti hù padà. Kò sí ọ̀pá àṣẹ, kò sí ẹṣin, kò sí ogun kéékèèké l'ẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo t'ó rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ ni Kùránì tí a fi awọ pupa dì. Ẹ fi ọrùn yẹn wé ọrùn ọmọ Scotland. Ní 1734 ó padà dé Gambia, ó wọlé lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Àjọ mùsíọ̀mù Qatar ra àwòrán náà ní 2009, wọ́n sì yá National Portrait Gallery ní London kí gbogbo ayé lè rí i.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ẹni t'ó ta ènìyàn méjì kí wọ́n tó ta òun náà kì í ṣe ẹni mímọ́, àwòrán rẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn méjì yẹn. Bí ó ti yẹ kí a béèrè l'ọ́wọ́ Philip Kẹta pé àwọn wo l'ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a béèrè l'ọ́wọ́ Ayuba pé àwọn wo l'ó fi pààrọ̀ bébà.

Àbúrò mi ti gba ìwé rẹ̀ padà l'ọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ fún òun, pé òun yóò fèsì. Mo ti bẹ olóòtú pé kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn wa t'ó ń bọ̀. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti fẹ́, kí ó yin ẹṣin, kí ó yin irin, kí ó yin bí ọ̀dà ṣe ń dán. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó bá mi wo àkọlé àwòrán Medina yẹn. Orúkọ ẹni t'ó wọ ẹ̀wù irin wà níbẹ̀, oyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó wá sọ fún mi ohun tí ọmọ kejì ń jẹ́.